Ìsọtẹ́lẹ̀ àti Ìdánwò Tíọ́rì Ẹfolúṣọ̀n: Ẹ̀rí Ibà Lassa, láti Èmùrè-Ilé dé Sàró

1. Ìfáárà

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí ilẹ̀ gbẹ, tí eku oko sì ń sá wọ inú ilé láti wá oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ibà Lassa a tún gba ẹnu kan ní Ọ̀wọ̀, ní Ọ̀sẹ́ àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Èmùrè-Ilé, tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí. Ní ọdún 2018, nígbà tí àrùn náà jà ju bí ó ti máa ń jà tẹ́lẹ̀ lọ ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ẹdó, Oǹdó àti Ẹ̀bọ̀nyì ni ó ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí a ti tọ́jú wọn.

Ìbéèrè kan wà tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àrùn yìí. Ẹni méjì lè jọ gbé ilé kan, kí wọ́n sì jọ máa bu gàárì inú àpò kan náà. Ọ̀kan yóò dùbúlẹ̀, èkejì kò tilẹ̀ ní sọ pé orí ń fọ́ òun. Nǹkan bí ẹni 8 nínú 10 tí fáírọ́ọ̀sì Lassa bá wọ̀ lára ni kì í ṣàìsàn tí ó le. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Àwọn onímọ̀ ẹfolúṣọ̀n ti dá ìdáhùn kan lábàá, wọ́n sì ti ti inú àbá náà sọ ohun kan tẹ́lẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá. A ti dán ohun tí wọ́n sọ wò. Ó bọ́ sí i níhìn-ín, kò bọ́ sí i lọ́hùn-ún.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ. Tíọ́rì ẹfolúṣọ̀n ṣe é dán wò nípasẹ̀ ìsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò náà kò níyì àfi bí ìsọtẹ́lẹ̀ bá lè já sí òfo, tí àwa tí a gbé e kalẹ̀ sì gbà láti pe òfo ní òfo. Ọ̀rọ̀ Lassa dára fún àríyànjiyàn yìí nítorí pé ìdajì rẹ̀ kò dára fún ẹni tí ń gbèjà tíọ́rì náà.

2. Ẹ̀sùn tí Popper fi kàn án

Karl Popper ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé ohun tí ó ya ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ́tọ̀ ni pé ó ṣe é já ní koro. Ní ọdún 1974, ó fi òṣùwọ̀n ara rẹ̀ wọn iṣẹ́ Darwin, ó sì sọ pé kì í ṣe tíọ́rì sáyẹ́ǹsì tí ó ṣe é dán wò. Ó ní ètò ìwádìí tí ó wúlò ni, ṣùgbọ́n tí ó kọjá ibi tí ìdánwò lè dé. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ yé ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kíákíá. Ta ni ó yè? Ẹni tí ó yẹ ni. Ta ni ó yẹ? Ẹni tí ó yè ni. Bí èyí bá ni gbogbo ohun tí Darwin sọ, a jẹ́ pé a ń yí òdo ká ni. Kò sí ẹ̀rí tí ó lè ta ko irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹ̀rí tí ó lè gbè é lẹ́sẹ̀.

Popper fúnra rẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ṣe ní Cambridge ní ọdún 1977, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1978, ó jẹ́wọ́ pé òun ti yí èrò òun padà lórí bí àṣàyàn àdánidá ṣe ṣe é dán wò sí. Nínú àríyànjiyàn, ọ̀rọ̀ ọdún 1974 ni a máa ń fà yọ, a kì í rántí ti 1978. Bí ó ti wù kí ó rí, ìyípadà ọkàn ẹnì kan kò parí ẹjọ́. Bí àgbà kan bá ní òun kò pe ẹjọ́ mọ́, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé a ti dá olùjẹ́jọ́ láre. Ó kù kí a rí ìdánwò náà, kí a sì wò ó dáadáa.

3. Ìsọtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú nìkan

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lè ṣì wá lọ́nà. Bí a bá gbọ́ "àsọtẹ́lẹ̀", ọkàn wa a lọ sọ́dọ̀ wòlíì tàbí babaláwo tí ń sọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wí pé tíọ́rì tí ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ láti ayébáyé kò lè sọ ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọdẹ. Ó rí ipasẹ̀ ẹtu lówùúrọ̀, ó sì wí fún ọmọ rẹ̀ pé, "Abo ni, ó lóyún, odò ni ó ń lọ, a ó rí ibi tí ó ti mu omi." Àná ni ẹtu náà ti kọjá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọdẹ lè jẹ́ irọ́. Bí wọ́n bá dé odò tí wọn kò rí ipasẹ̀ kankan, ọmọ rẹ̀ yóò mọ̀ pé baba òun ṣì í.

Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní ìsọtẹ́lẹ̀ nínú bébà yìí ni ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa ohun tí a kò tíì rí, ìbáà ṣe pé ohun náà ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́. Darwin sọ irú rẹ̀ ní ọdún 1862, nígbà tí ó rí òdòdó kan láti Madagascar tí omi dídùn inú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ihò tí ó gùn tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ó ní kòkòrò afò-lóru kan ní láti wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1903 ni a tó fún kòkòrò bẹ́ẹ̀ ní orúkọ nínú ìwé ìmọ̀. Ṣùgbọ́n òdòdó Madagascar jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kí a wá sínú ẹ̀jẹ̀ tiwa.

4. Ẹ̀jẹ̀ AS: ìdánwò tí ó yege, àti ìdí rẹ̀

Kò sí ilé tí a kò ti mọ AA, AS àti SS ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so tọkọtaya pọ̀ láìbéèrè rẹ̀. Jíìnì tí ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde a máa pa ọmọ tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti lọ́dọ̀ ìyá. Bí àṣàyàn àdánidá bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ti run. Kí ló dé tí ó fi wà lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin láàárín wa?

Ní ọdún 1949, J. B. S. Haldane dá a lábàá nípa irú àrùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn pé ó lè jẹ́ pé ibà ẹ̀fọn ni ó ń dáàbò bo jíìnì náà: ẹni tí ó ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kò ṣàìsàn, ibà kò sì rí i pa. A. C. Allison gbé irú àbá yìí lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1954. Nínú 290 ọmọdé tí ó yẹ̀ wò ní Uganda, ó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ 12 nínú àwọn 43 tí wọ́n ní jíìnì S, àti nínú ẹ̀jẹ̀ 113 nínú àwọn 247 tí wọn kò ní in. Ó tún mú 30 àgbàlagbà láàárín àwọn Luo, ó sì jẹ́ kí kòkòrò ibà wọ̀ wọ́n lára. Nínú àwọn 15 tí wọn kò ní jíìnì S, ibà mú 14. Nínú àwọn 15 tí wọ́n ní in, ó mú 2 péré. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn kò bójú mu lójú wa lónìí, ó sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá ń ka iye rẹ̀.

Kò yẹ kí a fi apá kejì ìtàn náà pamọ́. Ní ọdún 1955, Beutler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú ìdánwò yìí ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì rí ààbò tí Allison rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ nígbà náà pé àbá náà ti kú ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni ó dá ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2005, Thomas Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kilifi, ní Kenya, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ AS ń dín ibà kékeré kù ní ìdajì, ó sì ń dín èyí tí ó le kù ní nǹkan bí ìdá 90 nínú 100.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ìtàn lásán ni ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo jíìnì irú èyí ní ìlú kan jẹ́ S. Nínú ọmọ 64 tí a bá bí, 49 yóò jẹ́ AA, 14 yóò jẹ́ AS, 1 yóò jẹ́ SS. Ká ní ọmọ SS náà kò dàgbà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí láyé àtijọ́. Kí iye S má bàa dínkù, tíọ́rì náà sọ iye àwọn AA tí ibà gbọ́dọ̀ pa ju àwọn AS lọ: ọ̀kan nínú méje, èyí ni 7 nínú 49. Àwọn tí yóò kù ni AA 42 àti AS 14, tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 56. Jíìnì 112 ni ó wà lára wọn, S sì jẹ́ 14 nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́jọ náà ni. Bí ibà bá pa àwọn AA díẹ̀ ju èyí lọ tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n náà yóò dojú dé. Kò sí "ẹni tí ó yè ni ó yẹ" nínú èyí. Iye kan ni a sọ, a sì lè lọ kà á.

Ìṣirò kan náà tún ta ko ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ. Àwọn kan ti so ìgbàgbọ́ wa nípa àbíkú mọ́ ẹ̀jẹ̀ SS, bí ẹni pé àrùn yìí ni gbogbo ohun tí àwọn baba wa ń rí. Bí òṣùwọ̀n òkè yìí bá tọ́, lórí ọmọ SS kan tí ó kú, ọmọ AA méje ni ibà pa. Lóòótọ́, ikú SS a máa tún padà sínú ilé kan náà, èyí sì bá ìwà àbíkú mu. Ṣùgbọ́n ibà kì í fi ilé kan sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé SS ni àbíkú ti sọ àbá kan tí tíọ́rì tí ó gbára lé kò gbè.

Ó tún sọ ohun mìíràn. Bí ibà bá kúrò nílẹ̀ pátápátá, tí ọmọ SS kò sì tíì rí ìwòsàn, ìdá kan nínú mẹ́jọ yóò di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìran kan, yóò di ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ́yìn ìran kejì. Láàárín àwọn ọmọ ìran Áfíríkà ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọmọ tuntun 1 nínú 13 ni ó ní AS, èyí tí ó kéré sí tiwa gan-an. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sáré yọ̀: ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́ ti àwọn tí kò ní S rárá yóò dín in kù bákan náà. Ẹ̀rí tí ohun méjì lè bí kò lè dá ọ̀kan nínú wọn láre.

Ìbàdàn ni a ti rí irú ìdánwò tí ó mọ́ jù. Ní ọdún 1969, Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin kan wò tí wọ́n ní ibà. Ọmọbìnrin tí ó bá jogún ẹyọ kan jíìnì G6PD tí ó lábùkù a máa ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa méjì nínú ara kan náà: èyí tí ó pé àti èyí tí ó lábùkù. Kòkòrò ibà pọ̀ nínú èyí tí ó pé ju èyí tí ó lábùkù lọ. Ẹ wo bí ìdánwò náà ti gún: ara kan náà, ẹ̀fọn kan náà, oúnjẹ kan náà, ilé kan náà. Kò sí ohun tí a lè di ẹ̀bi rù àfi jíìnì náà. Kí a fi ìdánwò yìí sọ́kàn bí a ti ń lọ sórí Lassa, nítorí pé òun ni a ó fi wọn èyí tí ó kù.

5. Ibà Lassa: ìsọtẹ́lẹ̀ àti ìmúṣẹ

Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, a sì fi orúkọ ìlú Lassa ní Bọ̀nọ́ pè é. Eku oko kan tí ó máa ń wọlé ni ó ń gbé e kiri. Ní ọdún 1998, a rí ohun tí fáírọ́ọ̀sì náà ń dì mú kí ó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. A lè fi wé ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2005, a rí i pé jíìnì kan tí ń jẹ́ LARGE ni ó ń to ṣúgà sára ilẹ̀kùn náà, àti pé láìsí ṣúgà yìí fáírọ́ọ̀sì kò rí ibi dì mú.

Ní ọdún 2007, Pardis Sabeti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ipasẹ̀ àṣàyàn àdánidá nínú ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi ènìyàn àgbáyé. Ipasẹ̀ yìí yé ẹni tí ó bá mọ oko: bí irúgbìn kan bá tàn kálẹ̀ kíákíá, àwọn koríko tí ó bá a hù yóò ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ó bá pẹ́ kí ó tó tàn, wọn yóò ti túká. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́ àmì àjogúnbá gígùn tí kò tíì túká ń fi hàn pé jíìnì àárín rẹ̀ yára gbilẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí a gbà ní Ìbàdàn, ọ̀kan nínú ipasẹ̀ tí ó hàn jù wà ní àyíká LARGE. Àwọn olùwádìí náà so ó mọ́ ibà Lassa.

Títí dé ibí, ìtàn ni. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìtàn dídùn kò wọ́n. Ohun tí ó sọ ọ́ di ìsọtẹ́lẹ̀ ni pé ó gbé gbèsè lé ara rẹ̀ lórí: bí ó bá jẹ́ Lassa ni ó mú kí ọ̀wọ́ àmì yìí gbilẹ̀, ẹni tí ó ní in kò gbọdọ̀ kó ibà Lassa tó ẹni tí kò ní in. Ní ọdún 2007, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ọdún 17 kọjá kí ìdáhùn tó jáde. Ní ọdún 2024, a tẹ ìwádìí ńlá kan jáde, èyí tí Dylan Kotliar wà lára àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀. Ó gba ọdún 7 ní Nàìjíríà àti Sierra Leone. Aláìsàn Lassa 533 ni wọ́n fi wé ènìyàn 1,986 láti àwùjọ. Ní Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n ní ọ̀wọ́ àmì LARGE kò kó ibà náà tó àwọn tí wọn kò ní in. Ìsọtẹ́lẹ̀ ṣẹ. Ní Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, kò rí bẹ́ẹ̀.

6. Ohun tí Sàró sọ

Ọ̀nà méjì tí kò dára ni a lè gbà ka àbájáde yìí. Ẹni tí ó fẹ́ràn tíọ́rì náà yóò ka ti Nàìjíríà, yóò sì dákẹ́ lórí ti Sàró. Ẹni tí ó kórìíra rẹ̀ yóò gbé ti Sàró sókè, yóò sì wí pé gbogbo iṣẹ́ Darwin ti wó. Àwọn méjèèjì ṣe àṣìṣe kan náà: wọn kò bi ara wọn pé kí ni a gbé sórí òṣùwọ̀n gan-an.

Ohun tí a dán wò kì í ṣe pé àṣàyàn àdánidá wà. Èyí ti ní ẹ̀rí tirẹ̀ nínú AS àti G6PD. Ohun tí a dán wò ni àbá kékeré kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀: pé Lassa ni ó yan ọ̀wọ́ àmì yìí. Bí ẹ̀ka kan bá dá, a kì í sọ pé igi ti wó. Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ewu wà, nítorí pé bí a bá ń fi ẹ̀ka rúbọ lójoojúmọ́ láti gba igi là, Popper ọdún 1974 ni yóò jàre. Ó yẹ kí a mọ iye ẹ̀ka tí ó lè dá kí a tó gbà pé igi náà ti kú.

Ẹ wo àwíjàre tí ó rọrùn jù. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 lórí fáírọ́ọ̀sì náà fi hàn pé ó ti wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí fún ohun tí ó lé ní 1,000 ọdún, lẹ́yìn náà ni ó tàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹnì kan lè wí pé, "Àrùn náà kò tíì pẹ́ ní Sàró, ìdí nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀. Bí àrùn kan kò bá tíì pẹ́ níbì kan, èyí lè sọ ìdí tí àwọn tí wọ́n ní ọ̀wọ́ àmì náà kò fi tíì pọ̀. Kò sọ ìdí tí ẹni tí ó ní in kò fi rí ààbò. Bí agboorùn bá ń gba òjò ní Ọ̀wọ̀, ó yẹ kí ó gba òjò ní Freetown, ìbáà ṣe pé àná ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ níbẹ̀. Àwíjàre yìí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ìbéèrè náà, kò bọ́ sí i.

Àwọn ìdáhùn mìíràn wà tí ó sàn ju èyí lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì ti Sàró yàtọ̀ sí tiwa. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ń dáàbò boni gan-an jẹ́ àmì mìíràn tí ó bá ọ̀wọ́ náà rìn níhìn-ín, tí kò bá a rìn lọ́hùn-ún. Ó lè jẹ́ pé iye aláìsàn kò tó. Ó sì lè jẹ́ pé ti Nàìjíríà ni ó jẹ́ èèṣì. A kò gbọdọ̀ yọ ìkẹyìn yìí kúrò. Ohun tí ó mú kí ìdáhùn wọ̀nyí sàn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbèsè tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì ni, ìyàtọ̀ yóò hàn bí a bá fi fáírọ́ọ̀sì méjèèjì kan ilẹ̀kùn kan náà nínú ilé ìwádìí. Bí ó bá jẹ́ èèṣì ni, ààbò náà yóò parẹ́ nígbà tí a bá tún un ṣe níhìn-ín.

A ní àlàyé kan síi lórí ìwádìí náà fúnra rẹ̀. Àwọn 1,986 tí a fi wé aláìsàn jẹ́ ará àwùjọ. Èwo nínú wọn ni fáírọ́ọ̀sì ti kàn rí, èwo ni kò kàn rí? Bí ẹnì kan kò bá tíì pàdé ọ̀tá, a kò lè fi ìlera rẹ̀ yin asà rẹ̀. Ẹni tí ń gbé ilé oníbúlọ́ọ̀kù tí eku kò rí wọ̀ lè ṣàìní ibà Lassa fún ìdí tí kò kan LARGE rárá. Lóòótọ́, àwọn olùwádìí náà tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ iye ènìyàn tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ lára rí, èyí sì fi hàn pé wọ́n mọ ìṣòro náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ìdánwò Ìbàdàn ọdún 1969, níbi tí ara kan ṣoṣo ti ru ẹ̀rí méjèèjì, yóò mọ̀ pé ti Lassa kò tíì dé ibẹ̀.

7. Ìdí tí Èmùrè-Ilé fi kàn

Orúkọ tí a fi pe ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní Ìbàdàn nínú àwọn ìwé àgbáyé ni "Yorùbá". Àwa mọ̀ pé Ìbàdàn kì í ṣe Ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ àti àyíká rẹ̀ wà ní ààlà ilẹ̀ Ẹdó. Ìgbéyàwó, òwò àti oyè ti so wọ́n pọ̀ láti ayébáyé. Bí Lassa ni ó yan ọ̀wọ́ àmì yìí, ó yẹ kí ó pọ̀ níbi tí àrùn náà ti ń jà ju ibi tí kì í ti í jà lọ. Ìsọtẹ́lẹ̀ tiwa nìyí, a sì gbé e kalẹ̀ níhìn-ín kí ẹnikẹ́ni lè mú wa lọ́rọ̀: bí a bá ka ọ̀wọ́ àmì LARGE ní Èmùrè-Ilé, ní Ọ̀wọ̀ àti ní Ọ̀sẹ́, tí a sì kà á ní etí òkun Èkó àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ni yóò pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ dọ́gba, tàbí tí ti Ẹ̀gbá pọ̀ jù, àbá náà ti gba ọgbẹ́. Ìrìnkiri àwọn ènìyàn lè fọ́ ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní fi ìrìnkiri ṣe àwíjàre lẹ́yìn ìkà. Bí a bá fẹ́ lò ó, kí a sọ bí ó ti pọ̀ tó kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìdí mìíràn wà tí ó ju ti ìmọ̀ lọ. Bí ìròyìn bá dé etí ará ilé pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ń gba ènìyàn lọ́wọ́ Lassa, kí ni ìyá tí ó sá láfún sí ẹ̀bá ọ̀nà yóò ṣe? Kò ní mọ̀ pé ààbò tí a ń wí jẹ́ ti iye nínú ọgọ́rùn-ún. Pé ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú mọ ẹni tí ó ní in. Pé ìdajì ìdánwò náà já sí òfo ní Sàró. Ó lè ṣí àpò gàárì rẹ̀ sílẹ̀ fún eku. Ẹni tí ó bá fi ìsọtẹ́lẹ̀ tí kò tíì gún ṣe ìwàásù ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́. Títí di ìgbà tí ìdánwò yóò fi pé, ìdérí àpò, ìmọ́tótó ilé àti kí a tètè gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ni asà tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti wo ẹ̀sùn Popper, a sì ti rí i pé "yè" àti "yẹ" kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ Darwin. Nínú ẹ̀jẹ̀ AS, tíọ́rì náà sọ iye kan, àwọn ènìyàn lọ kà á, àríyànjiyàn ọdún 1955 sì parí sí ibi tí ẹ̀rí gbé e sí. Nínú ọ̀rọ̀ Lassa, ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Lẹ́yìn ọdún 17 ó ṣẹ ní orílẹ̀-èdè kan, kò sì ṣẹ ní ìkejì.

Lójú tiwa, ti Sàró yìí ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù pé tíọ́rì ẹfolúṣọ̀n ṣe é dán wò. Ọ̀rọ̀ tí kò lè kùnà kì í kùnà níbì kan kí ó sì yege níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí yóò bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ bí a bá fi àwíjàre dí ihò tí Sàró lu. Iṣẹ́ tí ó kù wà nílé wa, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ọ̀wọ̀, Ọ̀sẹ́ àti Èmùrè-Ilé tí wọn yóò bá gbà pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹni tí yóò bá ṣe é kọ ohun tí ó ń retí sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì tẹ ohun tí ó bá rí jáde, ìbáà dùn mọ́ ọn, ìbáà má dùn mọ́ ọn.